Ọgbọ̀n Ni Kọ̀ǹpútà Sọ

Nílé ìwádìí ẹ̀gẹ́ kan ní Ìlọra, Tahirah tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

Kóòdù Java, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó kọ, ló ń gbé ìwọ̀n ooru wá látinú ààrò ńlá tí wọ́n fi ń mú ẹ̀gẹ́ gbẹ.

Ọgbọ̀n dígírì ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Solomon pè é lórí fóònù láti ẹnu ààrò. "Ṣé ó ti tutù? Mo fẹ́ wọlé."

"Ó ti tutù, sà."

Tahirah tún wo kọ̀ǹpútà. Ọgbọ̀n náà ni. Kò lọ sókè, kò wálẹ̀.

Ààrò tó ń tutù kì í dúró sójú kan báyìí.

"Ẹ dúró, sà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀gá ti gé fóònù.

Tahirah sáré débẹ̀. Ọ̀gá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ tí ilẹ̀kùn jó.

Wáyà tó so ààrò mọ́ kọ̀ǹpútà ti já láti àná, kí wọ́n tó dáná sí ààrò.

Kóòdù náà sì ti ń kìlọ̀ látìgbà yẹn.

Tahirah ló pa ohùn ìkìlọ̀ náà, torí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.