Bẹ́árìn Àárín Tí Kò Rí Ọ́ìlì Mu

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka yí fóònù kiri, ẹ dúró níbí. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Kò gùn, àmọ́ ó korò.

1.
Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ẹ̀kan-Ló-Tó. Kò sí iṣẹ́ tí yóò ṣe tán tí yóò tún yẹ̀ wò. "Ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú ló ń wẹ̀yìn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló tà kí èyí tó lè kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ ló wá fi ń gbé èrò báyìí, òun ló fi ń bọ́ ọmọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi ṣíbí lu ìkòkò, ọ̀dọ̀ ta ni ì bá tún gbé e lọ?

2.
Bẹ́árìn kámúṣáàfù ló ti gbó, ìyẹn àwọn òrùka tí ọ̀pá irin gígùn kan ń yí nínú wọn. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní ihò, ihò náà sì gbọ́dọ̀ kojú èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Bí wọn ò bá kojú ara wọn, irin á máa lọ irin ní gbígbẹ.

Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí táyà, ó ń wo àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń fi òòlù gbá wọn wọlé.

"Àbúrò, ihò ti àárín yẹn ò yà díẹ̀ báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ gba òòlù ni? Ẹ wá máa tún ọkọ̀ ṣe, kí èmi máa kó èrò yín!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí obìnrin náà ṣe lọ ra omi, Ẹ̀ẹ̀kan-Ló-Tó yọ́ wáyà bọ ihò àárín. Wáyà ò kọjá. Ó tún tì í. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ bẹ́árìn tí a bá ti gbá wọlé, tí a bá yọ ọ́, kò wúlò mọ́; ó di dandan kó ra òmíì, kó sì sọ pé, "Òótọ́ lẹ sọ." Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó ti ọ̀pá irin wọlé, ó dé e pa.

3.
Ọkọ̀ lọ sílé, àmọ́ ọkàn mẹkáníìkì ò balẹ̀. Fóònù dún, ó sáré gbé e, oníbàárà ni. Ó de nọ́ọ̀tì kan, ó tún tú u. Ó jókòó ti oúnjẹ, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Níkẹyìn ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ń lọ geere! Gbogbo èrò mi ni mò ń ròyìn rẹ fún."

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó kàn ní, "Ẹ ṣáà máa rọra wà á."

4.
Orí afárá ló ti ṣẹlẹ̀. Iná pupa tó máa ń kìlọ̀ níwájú awakọ̀ ò tàn. Irin ké, ọ̀pá náà gan, ó ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kú lójijì. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn gbá wọn. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti di pàǹtí.

Nígbà tí wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀ẹ̀kan-Ló-Tó, tó sì tú u, bẹ́árìn àárín dúdú bí èédú. Ẹ̀gbọ́n mú un lọ́wọ́, ó wò ó.

"Nígbà tí o pè mí pé kí n rọra, o ti mọ̀?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ sọ ni..."

"Èrò mélòó ló yẹ kó kú kó o tó sọ ọ́?"

Obìnrin náà gbé bẹ́árìn lé e ní àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mẹkáníìkì."

Ẹni tó pọ̀n ọ́n lẹ́yìn rí ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò yìí. Ó ní kí wọ́n wá fi okùn fa ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ gbọ́ o, ìbáà jẹ́ aṣọ lẹ ń rán, ìbáà jẹ́ ilé lẹ ń kọ́: bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ yín ti yà, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ìtìjú rẹ̀ ṣì kéré. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.