Oríkì Tí Ẹ̀rọ Gbà

Ìbídùn gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti í ṣe kí wọ́n tó wọ kíláàsì lọ ṣèdánwò. Oríkì ìdílé wọn ló kọ. Ẹ̀rọ béèrè pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyá àgbà òun ni. Iná pupa tàn, ẹ̀rọ sì fọhùn:

"Irọ́ lo pa. Inú ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé lo ti rí i."

Ọ̀gbẹ́ni Lápàdé, olùkọ́ wọn, mí kanlẹ̀. "Ẹni tó lo ẹ̀rọ tó sì jẹ́wọ́ kò ṣẹ̀. Jẹ́wọ́, kí o wọlé ṣèdánwò."

"Sà, ìyá àgbà mi ló ki oríkì yẹn sínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, kó má bàa parun."

"Mo gbọ́. Ẹ̀rọ ò mọ ìyá àgbà rẹ."

Ìbídùn jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ẹ̀rọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́.

Nígbà tó délé, ìyá àgbà ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé wọ́n gbà pé èmi ni mo kọ́ ọ?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Wọ́n gbà, mà."

Ni inú ìyá àgbà bá dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìbídùn, ọjọ́ yẹn nìkan ni orí rẹ̀ kò wú.