Fọlọ́runṣọ́ Tí Kì í Béèrè Nọ́ńbà

Àìbéèrè ni àbùkù Fọlọ́runṣọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ohun ìtìjú ló jẹ́ lójú rẹ̀ láti béèrè ohun tó rò pé òun ti mọ̀.

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, tí Ìlọrin jẹ́ olú ìlú wa, ilé tẹlifóònù kan ní agbègbè Kàbbà ló ti ń ṣiṣẹ́. Pátákó ńlá tó kún fún ihò wà níwájú rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ìlú tàbí ọ́fíìsì tó ni ín. Bí ẹnìkan bá yí ọwọ́ tẹlifóònù rẹ̀, ìdérí kékeré tó wà lórí ihò tirẹ̀ yóò já wálẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí pátákó gbọ́dọ̀ gbọ́ nọ́ńbà tí onítọ̀hún ń wá, kó tún un pè fún un, kó tó fi okùn so ihò méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀, wọn yóò tún yí ọwọ́ náà, ìdérí yóò tún já. Kó tó fa okùn yọ, ó gbọ́dọ̀ béèrè pé, "Ṣé ẹ ti parí?"

Fọlọ́runṣọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan nínú àwa ẹ̀yà Òkun ló ní ohùn tirẹ̀. Bó bá gbọ́ ohùn Ìyàgbà tó ń wá ọsibítù, ọsibítù ọ̀nà Ìyàgbà ni yóò so ó mọ́. Bó bá gbọ́ ohùn Owé, ìyẹn ti àwọn ará Kàbbà, ọsibítù Kàbbà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà ló ń bọ́ sí i. Àwọn èèyàn ńlá yìn ín pé kì í fi àkókò wọn ṣòfò, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọláníran, kìlọ̀ fún un. "Fọlọ́runṣọ́, jẹ́ kí wọ́n pe nọ́ńbà tán."

"Ọ̀gá, bí ìyá mi bá pè mí, ṣé nọ́ńbà ni n ó bi í?"

"Ìyá rẹ ò sí nínú pátákó yìí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í béèrè kì í mọ̀gbà tó ṣìnà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, Rachel pè. Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì Ìkòyí ní ilẹ̀ Ìjùmú ni, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni ní Ìyàgbà. Cecilia, aya àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Thomas, ń rọbí lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ọkọ̀ ọsibítù Kàbbà nìkan ló lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú ihò Ìkòyí ni okùn Fọlọ́runṣọ́ wà, ṣùgbọ́n ohùn Ìyàgbà ló gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi pe ọsibítù, nọ́ńbà..."

Ó fi ìkíni ilẹ̀ Òkun dá a lóhùn: "Òkun o, ọmọ Ìyàgbà! Ẹ má wulẹ̀ dààmú, mo ti mọ ibi tí ẹ ń lọ."

Ọsibítù ọ̀nà Ìyàgbà tó jìnnà ló so ó mọ́. Rachel rí i pé ibẹ̀ kọ́ ni, ó yí ọwọ́ tẹlifóònù kí ó lè rí Fọlọ́runṣọ́ bá sọ̀rọ̀. Ìdérí já. Fọlọ́runṣọ́ rò pé wọ́n ti parí, ó fa okùn yọ láìbéèrè. Ìdérí tún já.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a lóhùn," ni Rhoda tó jókòó tì í wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àwa Òkun àti ìdágbére! Wọ́n ti kí ara wọn tán, wọ́n tún fẹ́ kí èmi náà. Má fọwọ́ kàn án. Èmi ni olórí níbí."

Ó dìde, ó lọ jẹun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Rachel fi dé Kàbbà, tí ọkọ̀ fi débẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Cecilia yè. Ọmọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ wá kò yè.

Kò pẹ́, Thomas wá sí ilé tẹlifóònù, ó di fìlà rẹ̀ mọ́ àyà.

"Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé wáyà ló já lọ́jọ́ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Òjò ló já a."

"Kò burú. Bó bá jẹ́ ti òjò, a ó gbà fún Ọlọ́run. Ẹ ṣeun." Thomas yí padà láti máa lọ.

Rhoda bú sẹ́kún. "Bàbá, wáyà ò já." Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Thomas wo Fọlọ́runṣọ́ títí. "O rí i pé ó ń pè?"

Fọlọ́runṣọ́ kọjú sí pátákó, ó ń fọwọ́ to okùn.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ mú un, ó kó àwọn àgbà lẹ́yìn, wọ́n lọ sí Ìkòyí láti bẹ̀bẹ̀. Cecilia fúnra rẹ̀ ló gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú Fọlọ́runṣọ́ bí a ti ń ṣe fún àlejò.

"Ẹ mu omi," ló wí.

Fọlọ́runṣọ́ gba omi náà, ó gbé e kalẹ̀ láìmu. Bàbá rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Ìjùmú, inú igbó ló ń gbà, kí ó má baà pàdé ẹnikẹ́ni tí yóò kí i.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmọ̀ kò pa ìbéèrè rẹ́. Ẹni tí a fi sí ẹnu iṣẹ́ tí ẹ̀mí gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó má ṣe fi ìméfò rọ́pò òfin, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà tí ìméfò bá bọ́ sí i ló ń ti èèyàn lọ síbi ẹ̀ẹ̀kan tí kò ní bọ́ sí i. Bí a bá sì ti ṣẹ̀, kí a jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi wá. Ẹni tó purọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ti mú ọ̀fọ̀ náà bá a lẹ́ẹ̀kejì.