Ọpẹ́ Ni Kó O Fi Bẹ̀rẹ̀

“Màámi, ṣé ìjọba náà ní ọmọ?”

Ummuhani, ọmọ ọdún márùn-ún, ló béèrè bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tòun ti ẹ̀kọ lẹ́nu. Wúràọlá ìyá rẹ̀ ní kó lọ bi ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá Mọ́rúfù, ìyá ọkọ Wúràọlá, tó lo ọdún méjìlélógún ní Àbíjàn, tó sì máa ń sọ pé kò sí ohun tí ojú òun ò rí níbẹ̀, ní òun ò rí èyí. Àǹtí Joanna náà, tó ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún mẹ́sàn-án, kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ náà gbé ẹ̀kọ rẹ̀ mì.

Joanna tètè dé lọ́jọ́ náà nítorí pé òun ló fẹ́ mú Wúràọlá lọ síwájú àwọn aṣòfin. Ìjọba ti kọ ọ́ sínú ètò ọrọ̀ ajé rẹ̀ pé òun ń náwó sórí ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, kí àwọn ìyá lè ráyè ṣiṣẹ́. Aṣòfin mẹ́ta ń bọ̀ ní Èjìgbò láti wádìí bóyá òótọ́ ni. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba kọ́ fún wọn ti wà ní títì pa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé Joanna, tó jẹ́ olùtọ́jú ibẹ̀, ti di ẹni tó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́.

Láti ìgbà náà ni Wúràọlá ti ń pọn Al-Ameen, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, sẹ́yìn yan gàrí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà na ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan etí agbada gbígbóná. Ojú egbò náà ṣì pọ́n. Bí Wúràọlá ò bá yan gàrí, wọn ò ní jẹun. Bó bá yan án, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bàá iná.

“Joanna, bàtà yìí ò mà jọ ti ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ o,” Ìyá Mọ́rúfù ní.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́, Màmá.” Joanna ń bá Wúràọlá tún ìborùn rẹ̀ ṣe. “Má fi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ o. Ọpẹ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ńlá kì í tẹ́tí sí ẹni tí ò kọ́kọ́ kí i.”

“Àǹtí, kí ni kí n máa dúpẹ́ fún? Àgádágodo tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn?”

Ìyá Mọ́rúfù rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

“Dúpẹ́ fún ilé tí wọ́n kọ́. Dúpẹ́ fún ẹní, dúpẹ́ fún oúnjẹ àwọn ọmọ. Kúnlẹ̀. Tí inú wọn bá ti yọ́ tán, kó o wá kó ẹjọ́ jáde.”

“Òótọ́ ló sọ,” Ìyá Mọ́rúfù ní. “Ẹni tó dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.”

Gbọ̀ngàn ìlú kún. Àwọn ìyá wá láti Masifa, wọ́n wá láti ìlú Ara. Alága àwọn aṣòfin ní àwọn mẹ́ta péré làwọn wá, ohun tí àwọn aṣòfin yòókù bá sì fi etí ara wọn gbọ́ nìkan ni Ilé Aṣòfin lè fi ṣe ìpinnu, nítorí náà àwọn gbọ́dọ̀ gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Joanna dìde, ó ní fóònù òun wà níbẹ̀.

“Ọlọ́run á bù kún yín, Màdáámù,” alága ní.

Wúràọlá kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin bàbá wa. Ilé tí ẹ kọ́ fáwọn ọmọ wa, a rí i. Ẹní tí ẹ tẹ́ fún wọn, a rí i. Oúnjẹ tí ẹ fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fọmọ sunkún.”

Àwọn obìnrin ṣe àmín, gbọ̀ngàn mì. Joanna na fóònù sún mọ́ ọn dáadáa.

Wúràọlá wá dìde, ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó sì tú aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Al-Ameen tó pọ̀n. “Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ wo ẹsẹ̀ yìí.”

Joanna sọ ọwọ́ tó fi mú fóònù kalẹ̀, ó fi ìkejì nu ojú. Wúràọlá rí i, omi bọ́ lójú òun náà. Ó sọ ti agbada, ó sọ ti àgádágodo. Ó ní, “Àwọn tó ń bá wa tọ́jú ọmọ, ẹ ò sanwó oṣù fún wọn. Àǹtí Joanna tí ẹ ń wò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wọn. Ọmọ wa lọmọ wọn.”

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í léèrè pé, “Àǹtí, ṣé ẹ gba ohùn mi délẹ̀?”

“Ohùn ẹ á dé ibi tó yẹ kó dé,” Joanna ní, ó sì gba Al-Ameen lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e títí dé ilé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun alẹ́, rédíò gbé ìjókòó àwọn aṣòfin sáfẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tí ohùn Wúràọlá fi jáde.

“Màámi ti wọ inú rédíò!” Ummuhani fò sókè.

“Sẹ bọ̀n!” Ìyá Mọ́rúfù fi Faransé Àbíjàn rẹ̀ yìn ín, ó pàtẹ́wọ́. “Ohùn ìyàwó mi nìyẹn o!” Ó tẹ Mọ́rúfù ọmọ rẹ̀ láago ní Àbíjàn, ó gbé fóònù ti rédíò kí òun náà lè gbọ́.

Àmín àwọn obìnrin jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, aṣòfin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa títì ọlọ́dà.

“Ó ṣì kù,” Wúràọlá ní.

“Wọ́n á mú un wá, ìyàwó mi. Ṣé o ò mọ ọ̀rọ̀ ìjọba ni?” Ìyá Mọ́rúfù yán.

Ọ̀rọ̀ títì gùn. Ummuhani sùn lọ lórí ẹní, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Mọ́rúfù fara ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han-an-run. Al-Ameen ló ṣẹ́ kù. Wúràọlá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fetí sí rédíò, títí ojú ọmọ náà fi pa dé.

Ìgbà yẹn ni alága kéde pé, níwọ̀n bí kò ti sí ẹ̀sùn kankan nínú ohùn tí wọ́n gbà ní Èjìgbò, Ilé ti parí ìwádìí náà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba ti yàn ní alábòójútó ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ fún gbogbo ẹkùn náà láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbẹ̀wò wọn, ẹni tó wá olùdúpẹ́ náà rí, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: Arábìnrin Joanna Oyèníran.