Orúkọ Tó Wà Lára Kíjìpá

Oòrùn ayé ìgbà náà, bó bá fojú kan ewúrẹ́, orí ìdúró ni yóò ti di súyà. Ìdí nìyẹn tí Ṣẹ̀gilọlá fi kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde láàárọ̀, tó ń nà wọ́n sókè wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá bí asẹ́. Kíjìpá ọkọ rẹ̀ tó kú lóṣù tó kọjá nìkan ló ki, tó sì bo ọrùn dé ọwọ́. Ó gbé e wọ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́.

Géètì oko, tó máa ń ka orúkọ tí wọ́n kọ sára aṣọ ẹni kó tó ṣí, kí i pé: "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mọ́jọyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ti di ọkọ! Irùngbọ̀n yín dà, bàbá?"

"Ọkọ mi ti kú," ni Ṣẹ̀gilọlá sọ fún géètì.

"Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí n pa á rẹ́ lára aṣọ, kí n kọ tiyín."

"Bàbá Fadérera."

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Olówó orí mi."

"N kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ àbísọ."

Mọ́jọyìn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí Ṣẹ̀gilọlá kò bá wọlé lọ wa ẹ̀gẹ́ rẹ̀, oòrùn yóò jó o mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹ́ ọkùnrin náà, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ilé wọn ń jó pàápàá, "Bàbá Fadérera, iná o!" ló ké.

Ó kúnlẹ̀ níwájú géètì.

"Láníyan," ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọkọ lójú oorun.

"Mo ti pa á rẹ́," ni géètì wí, ó sì ṣí.