Ìgò Kẹta Tí Bàbá Cosme Tọ́ Wò

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Dassa!

Ìgò mẹ́ta wà níwájú mi. Aṣọ dúdú ni mo fi wé wọn, torí oòrùn máa ń ba agbára ewé jẹ́.

Mò ń wá ohun tó máa fa èròjà tí kì í jẹ́ kí ara tètè gbó jáde jù lára ewé kinkélíbà: omi gbígbóná, omi tútù, àbí sódàbì, ògógóró ilẹ̀ wa. Mo bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀.

Bàbá Cosme, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tẹ̀pá wọlé. Òun ló ni ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè tí mo fẹ́ gbin ewé náà sí.

"Gisèle, n ó tọ́ omi ewé yìí wò kí n tó fún ọ nílẹ̀."

Ó tọ́ ti àkọ́kọ́ wò, ó fajú ro.

Ó tọ́ ìkejì, ó yọ ṣùtì.

Ó gbé ìkẹta.

"Ẹ rọra o, Bàbá!"

"Màríà ìyá mi! Ewé gidi rèé! Ó ti dé orúnkún mi!"

Ó tún gbé e mu.

"Ilẹ̀ ti di tìrẹ, ọmọ mi."

Ó ń jó lọ, ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀.

Ṣé kí n sáré tẹ̀lé e, kí n sọ òótọ́?

Ewé tí mo fẹ́ rẹ sínú ìgò kẹta ṣì ń gbẹ lábẹ́ ibòji.

Sódàbì lásán ni Bàbá mu.