Ọwọ́ Òsì Pá Akíntúndé

Pá Akíntúndé, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, wọkọ̀ láti Oǹdó wá sí yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ọwọ́ òsì. Ayùn iná ló gé tirẹ̀.

Inú Ọ̀mọ̀wé Ìbùkúnọlá, olùkọ́ níbẹ̀, dùn. Ẹ̀rọ tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ẹ̀ka wọn, tó ń to nǹkan ní ìpele lórí ìpele, tó lè fi ohun líle ṣe egungun, kó sì fi ohun rírọ̀ bò ó bí ẹran ara, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ gidi tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Wọ́n ya àwòrán ọwọ́ ọ̀tún Bàbá, kọ̀ǹpútà sì yí i padà di òsì.

Ọ̀mọ̀wé fẹ́ kí ọwọ́ náà lè di ife mú. Bàbá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Kó ṣáà jọ èyí tó lọ, títí dórí èékánná àtàǹpàkò tí òòlù ti fọ́.

"Ta lẹ fẹ́ lọ fi hàn, Bàbá?" Goodness, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ló bi í.

"Obìnrin kan. Ọwọ́ méjì ló mọ̀ mọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó máa wò mí bí àjèjì."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ọkọ Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Goodness fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n dá. Bàbá ní òun kọ́ ló ń dá a.

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá."

Ọwọ́ àkọ́kọ́ tó jáde pọ́n jù. Bàbá mi orí, ó ní obìnrin náà ò ní gbà pé òun ni. Wọ́n tún un ṣe. Ó gbé èkejì lé itan, ó fi ìka kan èékánná fífọ́ náà wò. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ó máa tètè bàjẹ́. Goodness fọ́nnu pé omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ikán pàápàá ò lè jẹ ẹ́. Bàbá ní ìyẹn dára gan-an.

Nígbà tí àgbàdo dé, Ọ̀mọ̀wé yà kí i ní Oǹdó. Ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ àgbàdo sísun, apá aṣọ òsì rẹ̀ ṣófo.

"Bàbá, ṣé ó kọ̀ yín ni?"

"Kò tíì rí i. Ẹ wá wò ó."

Nínú yàrá, pósí ìrókò kan wà lórí bẹ́ǹṣì méjì, ọwọ́ náà sùn nínú rẹ̀ sí apá òsì, lórí aṣọ funfun, láti ojú fèrèsé sì ni Ọ̀mọ̀wé ti rí sàréè Àríkẹ́, ìyàwó Bàbá, tó kú nígbà tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì pé méjì.